Téèpù Aránṣọ àti Ikùn Ọlọ́lá

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá nìkan, ènìyàn mẹ́ta ló bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo fa téèpù aránṣọ yọ láti wọn ikùn wọn ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Èbúté Mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, bàbá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Balógun, tilẹ̀ fi ọwọ́ lu tirẹ̀ bí ẹni ń lu gúdúgúdú, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, owó lẹ̀ ń wọ̀n yẹn o." Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ náà jẹ́ 178 lórí 110, nítorí náà èmi kò bá a rẹ́rìn-ín.

Pé ẹni tó ń jẹ ju ohun tí ara rẹ̀ ń lò lọ yóò sanra, mo gbà pé kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé ibi tí ọ̀rá jókòó sí ló ṣe pàtàkì jù. Ọ̀rá abẹ́ awọ, irú èyí tó wà ní ìdí àti itan, kò léwu tó èyí tó sá pamọ́ sínú ikùn, tó rọ̀gbà yí ìfun àti ẹ̀dọ̀ ká. Ọ̀rá inú yìí kì í sinmi: a máa da èròjà ọlọ́ràá sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀, títí ara yóò fi kọ etí ikún sí ínsúlínì, èròjà tó ń ṣílẹ̀kùn ara fún ṣúgà, tí ṣúgà yóò sì máa ṣàn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìrí ibi wọ̀. Láti ibẹ̀ ni àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ti ń yọjú, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ a sì kún fún ọ̀rá, kódà lára ẹni tí kò fi ẹnu kan ọtí rí.

Ìdí nìyí tí mo fi gba téèpù gbọ́ ju òṣùwọ̀n tí ènìyàn ń gùn lọ. Bí àyíká ikùn obìnrin bá ju sẹ̀ǹtímítà 88 lọ, tàbí ti ọkùnrin ju 102 lọ, ewu náà ti pọ̀ gan-an. Àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí ẹ bá ti mí èémí jáde, kí téèpù má fún, kí ó má sì dẹ̀. Ẹ má ṣe wọ̀n ọ́n níbi tí ìgbànú wà. Àwọn ọkùnrin a máa sọ fún mi pé ṣòkòtò nọ́ńbà 34 làwọn ṣì ń wọ̀, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ikùn ni wọ́n ń so ó mọ́, tí ikùn náà sì ti dà bo ìgbànú mọ́lẹ̀ bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó wú kọjá agolo rẹ̀. Mo ti lo ọdún 24 lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìgbànú kò lè tàn mí jẹ mọ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2022, ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́jọ láyé ló sanra kọjá ààlà, àti pé iye àwọn àgbàlagbà bẹ́ẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ láti ọdún 1990. Ará Èkó kò ní láti wá ìdí rẹ̀ jìnnà. Ẹni tó kúrò ní Ìkòròdú láago mẹ́rin ìdájí, tó jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títí dé orí Third Mainland Bridge, tó jókòó sí ọ́fíìsì ní Erékùṣù, tó tún jókòó padà wálé, tó wá gbé ẹ̀bà mì láago mẹ́wàá alẹ́ kí ó tó sùn, nígbà wo ni yóò lo agbára oúnjẹ náà? Inú ọkọ̀ yẹn kan náà ló ti ń ra ẹlẹ́rìndòdò, bẹ́ẹ̀ ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tó gíráàmù 50, èyí tí kò yẹ kí àgbàlagbà kọjá ní odidi ọjọ́ kan.

Dípò kí wọ́n dín ìyẹn kù, tíì amúkùn-rọlẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ewé séńà ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, oògùn ìyàgbẹ́ sì ni séńà: omi àti ìgbẹ́ ni ẹ ń yà, ẹ kò ya ọ̀rá kankan.

Àwọn tó ń ta oògùn asanra ló tilẹ̀ ń bí mi nínú jù. Ọmọbìnrin kan láti Sùúrùlérè fẹ́ kí ìdí òun yọ nínú aṣọ ìgbéyàwó; ẹnì kan tó ń kiri oògùn po dexamethasone, oògùn tó dà bí èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń pèsè, mọ́ cyproheptadine, oògùn tó ń mú ebi pa ni, fún un, ó sì lò ó fún oṣù mẹ́rin. Ojú rẹ̀ wú roboto, ikùn rẹ̀ yọ síwájú, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rù, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń lọ sókè láìsí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìgbéyàwó ti parí, ó da oògùn náà nù lẹ́ẹ̀kan náà. Kò mọ̀ pé oògùn náà ti mú kí ẹṣẹ́ orí kíndìnrín òun, tó yẹ kó máa pèsè irú èròjà bẹ́ẹ̀ fún ara, sùn lọ fọnfọn. Ní ọjọ́ karùn-ún, lẹ́yìn èébì àti òòyì, ọkọ rẹ̀ gbé e wọlé sọ́dọ̀ wa ní èjìká. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti já wá sí 80 lórí 50. Ẹ̀yin tó ti ń lo irú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ má ṣe dá a dúró lójijì. Ẹ lọ bá dókítà kí ó máa bá yín dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ara rẹ̀ yá. Nígbà tó padà wá lóṣù tó kọjá, mo wọn ikùn rẹ̀, ó jẹ́ 101. Ó wo téèpù, ó wò mí, ó ní, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ dákun, ṣé ẹ ò mọ tíì kan tí mo lè mu sí i?"