Bí Ẹ̀gẹ́ Àgíríìkì Ṣe Dé Oko Ìkòròdú

Bí ènìyàn bá ń wá igi ẹ̀gẹ́ tí yóò gbìn ní agbègbè Ìkòròdú, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi bi í bóyá ti ìbílẹ̀ ló ń fẹ́ tàbí Àgíríìkì. Orúkọ yìí ti mọ́ wa lẹ́nu débi pé a kì í béèrè ibi tí igi náà ti wá.

Ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ bíbí ilẹ̀ yìí. Àwọn Pọtogí ló gbé e wá sí Áfíríkà láti Bràsíìlì ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, àwọn Àgùdà tí wọ́n padà bọ̀ láti oko ẹrú sì wà lára àwọn tí wọ́n tan ọgbọ́n gàrí yíyan ká etí ọ̀sà.

Ní 1894 ni Warburg, onímọ̀ ará Jámánì, ṣàpèjúwe àrùn mòsáíkì ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tansaníà lónìí. Ewé ọ̀dọ́ ẹ̀gẹ́ tí ó bá mú a máa ní àbàwọ́n aláwọ̀ ìyeyè, a sì máa ká kò, ìdí rẹ̀ kò sì ní ta. Eṣinṣin funfun tíntìntín tí ń gbé abẹ́ ewé ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì rẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n àwa àgbẹ̀ náà ń gbé e, nítorí pé igi tí a bá gé lára ẹ̀gẹ́ tí ń ṣàìsàn ti ru àrùn sínú kí ó tó wọ ilẹ̀.

Ní àwọn ọdún 1930, ní ibùdó ìwádìí Amani ní Tanganyika, Storey àti Nichols mú ẹ̀gẹ́ àti igi rọ́bà Ceará, ìbátan rẹ̀ tí àrùn náà kì í tètè ràn, wọ́n sì gba èso láàárín àwọn méjèèjì. Ọmọ tí wọ́n bí jọ igi ju oúnjẹ lọ, nítorí náà wọ́n ń dá a padà sọ́dọ̀ ẹ̀gẹ́ léraléra. Láti inú irúgbìn tí ó ti ibẹ̀ wá ni wọ́n ti ṣa ẹ̀gẹ́ kan tí wọ́n fún ní nọ́mbà 58308 ní Moor Plantation, ibùdó ìwádìí ọ̀gbìn ní Ìbàdàn. Ara rẹ̀ le, àmọ́ kì í ta púpọ̀. Ní 1971, Hahn, onímọ̀ ará Kòríà, dé IITA, ilé ìwádìí ọ̀gbìn àgbáyé tó wà ní Ìbàdàn, ó sì fi 58308 gba èso pẹ̀lú ẹ̀gẹ́ tí ń ta dáadáa, títí ẹ̀gẹ́ TMS 30572 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, àwọn tí a ń pè ní Àgíríìkì, fi délẹ̀ fún àgbẹ̀ ní nǹkan bí 1977. Ìlú Ìkirè fi Hahn jẹ Séríkí Àgbẹ̀, oyè tí ó tọ́ sí i gan-an.

Ẹ̀gẹ́ tuntun yìí ń fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ta ju ti ìbílẹ̀ lọ, láìsí fatiláísà. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló ṣì wá lọ́nà. Ẹ̀gẹ́ tí ń ta púpọ̀ ń kó púpọ̀ lọ nínú ilẹ̀, pàápàá pọtásíọ̀mù, ọ̀kan lára oúnjẹ ọ̀gbìn, èyí tí ilẹ̀ oníyanrìn wa kò ní lọ títí. Mo dé oko kan lọ́nà Ìmọ̀tà tí wọ́n ti ń gbin Àgíríìkì lé ara wọn láìsinmi. Etí àwọn ewé ìsàlẹ̀ ti gbẹ bí ìwé tí iná rà, màmá tí ó ni oko sì gbà pé mòsáíkì ló padà dé. Ṣùgbọ́n ewé ọ̀dọ́ òkè mọ́ kedere, ebè tó sì wà lẹ́bàá ààrò gàrí, níbi tí wọ́n ń da eérú sí, tutù yọ̀yọ̀, nítorí pé pọtásíọ̀mù wà nínú eérú. A wú ìdí kan níbẹ̀, ó tó itan ọmọdé. Ebi ló ń pa ilẹ̀ yòókù, kì í ṣe àìsàn. Láti ọjọ́ náà ni màmá ti ń kó eérú ààrò wọn lọ sí ìdí ẹ̀gẹ́, igi ẹ̀bá ààrò náà ni wọ́n sì dá sí fún gbígbìn òjò tí ń bọ̀.