Awọ ojú tó ń hunjọ: ṣé ká lọ ṣe abẹ ni àbí ká máa pa ìpara?

Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni fídíò obìnrin kan tó ṣe iṣẹ́ abẹ kójú ẹ̀ lè padà dà bíi tọmọge ti ń kárí WhatsApp wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, àwọn kan ń bú u, àwọn kan ń béèrè iye tó ná. Ìbéèrè tẹ́ ẹ bi mí rèé.

Kí ni wọ́n ṣe fún un gan-an?
Wọ́n la awọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, wọ́n fa òun àtẹran abẹ́ ẹ̀ sókè, wọ́n gé èyí tó lé dànù, wọ́n rán an.

Ṣé awọ á wá máa dán ni?
Rárá o. Awọ tó ti rọ̀ ni abẹ ń fà, kò lè tún awọ fúnra ẹ̀ ṣe. Tó bá jẹ́ àbàwọ́n dúdúdúdú àtìlà wínníwínní ló ń dùn yín, ẹ̀yin àtiẹ̀ lẹ jọ máa jáde ní yàrá iṣẹ́ abẹ.

Kí ló ń fa àbàwọ́n ọ̀hún?
Oòrùn ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ṣebí èèyàn dúdú ni wá, òótọ́ ni, dúdú wa ń gbà wá díẹ̀, ìdí nìyẹn tójú wa kì í fi tètè hunjọ bíi tòyìnbó, àmọ́ kò dí oòrùn tán. Nǹkan kan wà nínú awọ tó ń jẹ́ kọ́lájìn, òun ló di awọ mú bí okùn ṣe ń di igi ọgbà mú, téèyàn bá ti lé lógún ọdún ló ti ń dín kù díẹ̀díẹ̀, oòrùn á wá máa já èyí tó kù. Ẹ wo ojú àwọn ìyá tó ń pàtẹ ní Tákíé látàárọ̀ dalẹ́, kẹ́ ẹ wá wo abẹ́ apá wọn tí aṣọ ń bò. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí awọ méjèèjì.

Kí ló ń ṣiṣẹ́ láìsí abẹ?
Sunscreen, ìyẹn ìpara tó ń dí oòrùn, tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ sí lára (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bó ṣe lágbára tó), láràárọ̀, kẹ́ ẹ sì tún un pa ní wákàtí méjì méjì tẹ́ ẹ bá wà nínú oòrùn. Ẹ mú agboòrùn mọ́ ọn. Èkejì ni ìpara tretinoin tí dókítà máa ń kọ fúnni, alaalẹ́ ni wọ́n ń lò ó, bí ẹyọ ẹ̀wà kan ti tó gbogbo ojú, ó máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó hàn. Aláboyún ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Òrí ńkọ́?
Ó dáa fún awọ tó gbẹ, kò lè dí oòrùn.

Abẹ́rẹ́ Botox?
Ó ń jẹ́ kí iṣan ojú dẹ̀ kó má bàa máa hunjọ, àmọ́ oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni, ó tán. Ọwọ́ dókítà nìkan ni kẹ́ ẹ ti gbà á.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù?
Tó bá jẹ́ abẹ, àpá tó máa ń wú ni, torí ó wọ́pọ̀ lára èèyàn dúdú. Ẹni tí ojú ihò yẹtí ẹ̀ bá ti wú rí, kó tètè sọ fún dókítà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé mo ní ẹ lo ìpara, ẹlòmíì á wá lọ ra ìpara ìbóra tí wọ́n pò sínú ike tí ò lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Mákúrì tó ń wà nínú òmíì ń ba kíndìnrín jẹ́, NAFDAC sì ti fòfin dè é. Oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, tó máa ń wà nínú àwọn ìpara yìí míì, ń jẹ́ kí awọ fẹ́lẹ́, ojú á tún wá gbó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí wọ́n bá sì ṣe abẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan, kódà bó jẹ́ abẹ ìbímọ, ojú egbò kì í fẹ́ tètè jiná.

Ta la máa bá?
Ẹ lọ sílé ìwòsàn ńlá, ẹ ní dókítà awọ lẹ fẹ́ rí, kẹ́ ẹ sì kó ike gbogbo ìpara tẹ́ ẹ ń lò dání lọ, títí kan èyí tójú ń tì yín láti fi hàn án.