Ète àti ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe: báwo la ṣe lè dá Nzeogwu lẹ́jọ́?

Tí wọ́n bá dá ọ̀rọ̀ ìdìtẹ̀gbàjọba ọjọ́ 15 oṣù kìíní, 1966 sílẹ̀ nídìí àtẹ ìwé ìròyìn l'Ákùúrẹ́, ẹnìkan á ní akọni ni Méjọ̀ Chukwuma Kaduna Nzeogwu, ọ̀kan nínú àwọn sójà tó ṣáájú rẹ̀, ìwà ìbàjẹ́ ló fẹ́ gbá kúrò nílùú. Ará Oǹdó kan á dá a lóhùn pé, "Ademulegun tí wọ́n pa ńkọ́?" Ariwo á ta. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń sọ kì í ṣe ọ̀kan náà: ète lẹni àkọ́kọ́ ń sọ, ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe lẹnì kejì ń tọ́ka sí.

Ìmọ̀ọ́mọ̀ṣe ni pé ẹni tó ṣe nǹkan kò ṣèèṣì. Ó mọ ohun tó ń ṣe, ó sì fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ète ni ohun tó tì í débẹ̀: ìfẹ́ ìlú, owó, ipò, ìbínú. Bàbá tó jí iṣu oníṣu torí pé ebi ń pa ọmọ rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ jí i ni, ète rẹ̀ ló ń ṣeni láàánú. Òfin ìwà ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà sọ ọ́ ní abala 24 pé, àfi tí òfin bá là á sílẹ̀, ète kò kan bóyá ènìyàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Adájọ́ lè pa ète tì. Ẹni tó ń ka ìtàn kò lè pa á tì.

Bìrìgédíà Samuel Ademulegun, ọmọ Oǹdó, ni olórí Bìrìgéèdì Kìíní ní Kaduna. Lóru ọjọ́ náà, àwọn sójà wọlé tọ̀ ọ́, wọ́n yìnbọn pa òun àti Latifat ìyàwó rẹ̀ nínú ilé wọn. Nzeogwu kò sí níbẹ̀. Ilé Sàdáúnà, Ahmadu Bello, olórí ìjọba Àríwá, lòun lọ. Ṣùgbọ́n òun ni olórí ìdìtẹ̀ náà ní Kaduna, wọ́n sì ti pín ilé tí oníkálukú máa lọ. Kò sí èèṣì nínú ìyẹn.

Ète ló le. Inú ẹni lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé, ẹ̀rí nìkan la lè fi wá a, ẹ̀rí kò sì dọ́gba. Nzeogwu sọ̀rọ̀ lórí rédíò Kaduna lọ́jọ́ náà gan-an, ó ní àwọn tó ń gba rìbá, tó ń bèèrè ìdá mẹ́wàá, ni ọ̀tá wọn. Ẹ̀rí yìí lágbára torí pé kò tíì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí nígbà tó sọ ọ́. Síbẹ̀, sójà wo ló gbàjọba tí kò sọ irú ẹ̀? Adewale Ademoyega, ọ̀kan nínú àwọn sójà tó dìtẹ̀ náà, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1981 pé Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fẹ́ mú kúrò lẹ́wọ̀n Calabar kó wá ṣolórí ìjọba. Inú wa máa ń dùn sí ìyẹn lápá ibí, ìdí nìyí tó fi yẹ ká rọra gbà á: ọdún 15 ti kọjá, ẹni tọ́rọ̀ kàn ló sì ń rojọ́. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Àwọn tó ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ni máa ń wo ẹni tó kú àti ẹni tó yè. Wọ́n pa Sàdáúnà àti Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀-oòrùn. Okpara l'Énugu àti Osadebay ní Benin, àwọn olórí ìjọba tí wọ́n jẹ́ Ìgbò bíi Nzeogwu, kò kú. Òótọ́ ni, kò sì ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Kaduna ni Nzeogwu wà. Ohun tí ẹlòmíràn kò ṣe l'Énugu kò lè jẹ́ ẹ̀rí ohun tó wà nínú tirẹ̀.

Ọmọ Oǹdó ni mí, ó sì dùn mí láti sọ ọ́: mo gbà pé ìlú ni Nzeogwu ń rò. Nígbà tí wọ́n pa á lẹ́bàá Nsukka ní oṣù keje 1967, níbi tó ti ń jà fún Biafra, ìjọba àpapọ̀ tó ń bá jagun ló gbé òkú rẹ̀ lọ sí Kaduna, tí wọ́n sin ín bí ọmọ ogun. Àmọ́ Latifat Ademulegun kò di ipò òṣèlú kankan mú, kò gba ìdá mẹ́wàá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá máa pe Nzeogwu ní akọni lójú mi, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó rí sí ikú obìnrin yẹn.