Fídíò aláwọ̀ mèremère yẹn: ìṣirò ni, kì í ṣe ohun ìjà

Láti ọjọ́ mẹ́ta kan ni fídíò kan ti ń kiri lórí WhatsApp ní Ìjẹ̀bú-Òde: ohun ṣóńṣó kan tí pupa àti yẹ́lò bò lórí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ohun ìjà tuntun ti fò kọjá lórí wa. Ìbéèrè yín pọ̀.

Ṣé ó fò lóòótọ́?

Inú kọ̀ǹpútà ló ti fò.

Iná wo wá nìyẹn?

Nọ́ńbà ni wọ́n kùn láwọ̀: pupa fún ibi tó gbóná, búlúù fún ibi tó tutù.

Báwo ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń yára tó?

Ìlọ́po márùn-ún eré ìró, ó kéré tán: bíi kìlómítà 6,000 ní wákàtí kan. Ìjẹ̀bú-Òde sí Ṣàgámù kò ní gbà á tó ìdajì ìṣẹ́jú. Bọ́ọ̀sì tiwa ṣì ń dúró kí èrò kún.

Kí ló le nínú ìṣirò ẹ̀?

Ẹ wo Agẹmọ. Kó tó jáde, ìkéde ti ṣáájú, obìnrin ti wọlé. Ìró ni akéde afẹ́fẹ́. Ohun tó bá yára ju ìró lọ á dé kí akéde tó dé. Afẹ́fẹ́ ò ní ráyè yà, á fún pọ̀ níwájú rẹ̀, á sì gbóná. Ní ìlọ́po márùn-ún yẹn, ó lè tó ìwọ̀n 1,000 lórí Celsius. Kọ̀ǹpútà á gé afẹ́fẹ́ náà sí yàrá kéékèèké, nígbà míì ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù, á máa ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbóná, bó ṣe ń sáré, bó ṣe fún pọ̀ tó, torí ohun tó jáde nínú ọ̀kan ló ń wọ èkejì.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí eré bá tún pọ̀ sí i, ọ́síjìn fúnra rẹ̀ á já sí méjì. Ẹni tí ò bá ro ìyẹn mọ́ ìṣirò á rí àwòrán tó dára, irọ́ ni. Ní 1981, nígbà tí ọkọ̀ Columbia ti Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ń bọ̀ láti gbalasa òfuurufú, pátákó ìdarí tó wà nídìí rẹ̀ ní láti tẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n ṣírò. Ìwà afẹ́fẹ́ gbígbóná wà lára ohun tó fà á. Èèyàn méjì ló wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún.

Ọmọ mi fẹ́ kọ́ ìṣirò yìí. Ṣé ká ta ilẹ̀?

Ẹ má ta nǹkan kan. Ọ̀fẹ́ ni OpenFOAM àti SU2, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe irú ìṣirò yìí, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kó fi láptọ́ọ̀pù ṣe ti kékeré ná, kó sì máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ lóòrèkóòrè. Ẹ mọ bí iná wa ṣe rí.

Kí la ó ṣe sí fídíò náà?

Ẹ wo apá ọ̀tún rẹ̀: ọ̀pá àwọ̀ kan wà níbẹ̀ tí nọ́ńbà tò sí. Ohun ìjà wo ló ń gbé ìyẹn dání fò? Ẹ pa á rẹ́, kí fóònù yín lè ráyè gba fọ́tò Ojúde Ọba.