Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra: ta ló lè gbà kí wọ́n fi í ṣe ìwádìí ìṣègùn?

Ìbéèrè: Ẹni tí kò lè rántí ohun tí wọ́n sọ fún un láàárọ̀, báwo ló ṣe máa gbà kí wọ́n dán oògùn wò lára òun? Ṣé kò sàn kí òfin ní kí wọ́n fi irú wọn sílẹ̀ jẹ́ẹ́?

Ẹ̀rù yín kì í ṣe lásán. Ní ọdún 1963, ní ilé ìwòsàn Jewish Chronic Disease Hospital ní Brooklyn, ní New York, àwọn olùwádìí gún aláìsàn 22 ní abẹ́rẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wà láàyè wà nínú rẹ̀, wọn ò sì sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ni. Àwọn kan nínú wọn kò sí ní ipò ẹni tó lè lóye ohun tí wọ́n ń ṣe fún wọn rárá. Bẹ́ẹ̀, láti 1947 ni ìdájọ́ Nuremberg, tí wọ́n fi dá àwọn dókítà Násì ti Jámánì lẹ́jọ́, ti là á kalẹ̀ pé ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ gbà tinútinú.

Ṣùgbọ́n tí a bá di ọ̀rọ̀ Nuremberg yẹn mú bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra pátápátá kò ní wọnú ìwádìí kankan láéláé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn mílíọ̀nù 57 ló ní àrùn yìí, tí àwọn dókítà ń pè ní dìmẹ́ńṣíà, lọ́dún 2021. Báwo la ó ṣe mọ ohun tó ń dín ìrora kù fún ẹni tí kò lè sọ ibi tó ń dun òun mọ́, bí a kò bá ṣe ìwádìí náà pẹ̀lú irú ẹni bẹ́ẹ̀? Tí a bá tì wọ́n síta, oògùn tí wọ́n dán wò lára ẹlòmíràn ni wọ́n á máa fún wọn lò, láìmọ ohun tó máa ṣe lára tiwọn. Èmi ò lè pe ìyẹn ní ààbò.

Ìbéèrè: Ṣé gbàrà tí dókítà bá ti dárúkọ àrùn náà ni ọ̀rọ̀ ara ẹni náà ti kúrò lẹ́nu rẹ̀?

Rárá o. Ohun mẹ́rin ni wọ́n máa ń wò: ṣé ó yé e? Ṣé ó mọ̀ pé òun gan-an ni ọ̀rọ̀ náà kàn? Ṣé ó lè gbé àǹfààní àti ewu rẹ̀ yẹ̀ wò? Ṣé ó lè sọ ohun tó fẹ́? Ẹni tí kò lè ro ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ olóṣù mélòó kan já lè mọ̀ dáadáa bóyá òun fẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára òun. Ohun tó rú u lójú lálẹ́ sì lè yé e ní òwúrọ̀.

Ní England àti Wales, òfin Mental Capacity Act ti 2005 sọ pé kí a gbà pé ènìyàn lè dá ìpinnu ṣe títí ẹ̀rí yóò fi hàn pé kò lè ṣe é, àti pé kí wọ́n kọ́kọ́ ràn án lọ́wọ́. Ìrànlọ́wọ́ ọ̀hún kò le: kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà díẹ̀díẹ̀, níbi tí ariwo kò sí, kí wọ́n sì rí i pé awò ojú rẹ̀ wà lójú. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ìgbà, wọ́n ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó bi ìyá.

Ìwádìí mìíràn sì máa ń pẹ́. Èyí tí wọ́n fi dán lecanemab, oògùn kan fún àrùn yìí, wò gba oṣù 18. Ẹni tó lóye dáadáa lọ́jọ́ tó fọwọ́ síwèé lè má lóye mọ́ kó tó parí. Nítorí náà, ó yẹ kí wọ́n máa padà bi í léèrè.

Ìbéèrè: Tí kò bá wá lè dá ìpinnu ṣe mọ́ ńkọ́?

Ìkéde Helsinki, ìlànà lórí fífi ènìyàn ṣe ìwádìí ìṣègùn, tí Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣègùn Àgbáyé gbé kalẹ̀ ní 1964, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024, sọ pé aṣojú tí òfin mọ̀ ló máa gbà fún un. Tí ìwádìí náà kò bá lè ṣe òun fúnra rẹ̀ láǹfààní, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó máa ran àwọn tó wà ní irú ipò rẹ̀ lọ́wọ́, tí wọn ò lè fi ẹni tí orí rẹ̀ pé ṣe, tí ewu àti wàhálà inú rẹ̀ sì kéré jọjọ.

Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ní England, tí kì í bá ṣe ìdánwò oògùn, mọ̀lẹ́bí kì í fọwọ́ sí i fún un. Ìmọ̀ràn ni wọ́n ń gbà lẹ́nu rẹ̀, lórí ohun tí ẹni náà ì bá fẹ́ ká ní ó lè sọ̀rọ̀. Jámánì yí òfin tirẹ̀ padà ní 2016. Fún ìdánwò oògùn tó jẹ́ pé àwọn ẹlòmíràn nìkan ló máa ṣe láǹfààní, ẹni náà gbọ́dọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí orí rẹ̀ ṣì pé.

Ká má tan ara wa, aṣojú máa ń ṣì í. Àgbéyẹ̀wò kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006 lórí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú fi hàn pé bí ìgbà 68 nínú 100 péré ni aṣojú máa ń sọ ohun tí aláìsàn fẹ́ gan-an. Ìfẹ́ tí ọmọ ní sí ìyá rẹ̀ kò ní kó mọ inú ìyá rẹ̀.

Ìbéèrè: Aṣojú ti gbà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe mú abẹ́rẹ́ dé, màmá fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Ṣé kí wọ́n dì wọ́n mú?

Kí wọ́n dúró! Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ibí ló jẹ mí lógún jù. Ìkéde Helsinki ní kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún kíkọ̀ ẹni náà, kódà bí kò bá lè dá ìpinnu ṣe. Òfin England, fún ìwádìí tí kì í ṣe ìdánwò oògùn, tún là á yékéyéké: wọn ò gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun tó bá jọ pé ẹni náà kọ̀, ì báà jẹ́ ara ló fi kọ̀ ọ́, àfi tó bá jẹ́ láti dáàbò bò ó lọ́wọ́ ewu tàbí láti dín ìrora rẹ̀ kù. Òfin 536/2014 ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò lawọ́ tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó ṣì lè ro ọ̀rọ̀ náà, tó sì sọ ọ́ kedere pé òun kò ṣe, ni wọ́n ní kí olùwádìí gbọ́ tirẹ̀. Ti England ni mo fara mọ́, torí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti tán lẹ́nu rẹ̀ ṣì lè gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣì lè di ẹ̀ṣẹ́ tàbí kó bú sẹ́kún.

Ó lè jẹ́ abẹ́rẹ́ ti òní nìkan ni màmá kọ̀. Kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, kí wọ́n padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Bí màmá bá tún kọ̀, kí wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ìwádìí náà. Kí ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kí olùwádìí ti bi ẹni tó ń tọ́jú wọn pé: "Báwo ni màmá ṣe máa ń ṣe tí wọn ò bá fẹ́ nǹkan?"

Ìbéèrè: Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún bàbá wa pé àrùn náà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí la lè ṣe báyìí?

Ẹ bi wọ́n nísinsìnyí tí wọ́n ṣì lè dáhùn. Ṣé wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi àwọn ṣe ìwádìí? Irú wo ni wọn kò fẹ́ láéláé? Ta ni kó sọ̀rọ̀ fún wọn? Ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì kọ déètì sí i. Òfin ibòmíràn lè má ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí àṣẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa ṣojú wọn á rí ohun dì mú. Ẹ sì tún bi wọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan, torí wọ́n lè yí ọkàn padà.