Òróró Lórí Koríko Pápá: Bí Ó Ṣe Ń Dènà Àrùn Fọ́ńgọ́ọ̀sì

Koríko pápá ni koríko tí a ń gé kúkúrú déédéé, tí a sì ń tọ́jú nítorí ẹwà rẹ̀ tàbí nítorí eré tí a fẹ́ ṣe lórí rẹ̀, bí i ti pápá bọ́ọ̀lù, ti iwájú ilé, àti ti pápá gọ́ọ̀fù tí ó gba ìtọ́jú ju gbogbo wọn lọ. Fọ́ńgọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn ẹ̀dá ìdílé olú, ni ó ń fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn àrùn rẹ̀. Fífín òróró sí koríko láti dènà irú àrùn bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí àwọn olùtọ́jú pápá ní Kánádà àti Amẹ́ríkà mọ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ máa ń rò pé ńṣe ni òróró náà ń bo fọ́ńgọ́ọ̀sì mọ́lẹ̀ tí kò fi ní lè mí mọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èrò yìí, ṣùgbọ́n inú koríko fúnra rẹ̀ ni òróró náà ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò fín in ní àsìkò tí kò yẹ, yóò sì máa sọ káàkiri pé kò ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi àrùn kan ṣe àpẹẹrẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní dollar spot. Lórí koríko bentgrass tí a gé mọ́lẹ̀ títí ó fi ku nǹkan bí mìlímítà mẹ́ta yí ihò gọ́ọ̀fù ká, àrùn yìí máa ń fara hàn bí àmì róbótó-róbótó tí ó ti gbẹ, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti koríko gbígbẹ, tí kò sì tóbi ju owó fàdákà dọ́là àtijọ́ lọ. Bí a bá jí lọ sí pápá ní òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí ìrì ṣì wà nílẹ̀, a lè rí òwú fọ́ńgọ́ọ̀sì náà, funfun, tín-ín-rín bí okùn aláǹtakùn, lórí àwọn ewé. Ó fẹ́ràn ìwọ̀n ooru láàárín 15 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó fẹ́ràn kí ewé wà ní tútù fún wákàtí púpọ̀, ó sì máa ń le jù lórí koríko tí ebi náítírójìn ń pa. Sclerotinia homoeocarpa ni àwọn onímọ̀ ń pè é láti ọdún 1937, àfi ìgbà tí ó di ọdún 2018 tí àyẹ̀wò àbùdá rẹ̀ fi hàn pé kò bá àwọn Sclerotinia yòókù tan, tí wọ́n sì sọ ìran rẹ̀ ní Clarireedia.

Láyé àtijọ́, èròjà mẹ́kúrì àti kádíọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń lé irú àrùn yìí lórí pápá gọ́ọ̀fù, májèlé gidi sì ni àwọn méjèèjì fún ènìyàn. Àwọn oògùn tuntun wá rọ́pò wọn, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lu ibì kan ṣoṣo nínú ara fọ́ńgọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí ìyípadà kékeré kan bá bá ibi kan ṣoṣo yẹn nínú àbùdá fọ́ńgọ́ọ̀sì, oògùn náà kò ní ràn án mọ́, irú-ọmọ èyí tí kò kú ni yóò sì gba gbogbo pápá. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti rí dollar spot tí oògùn benomyl àti àwọn ẹbí rẹ̀ kò ràn mọ́, nígbà tí ó sì di àwọn ọdún 1990 wọ́n rí èyí tí ó ti ń borí àwọn oògùn ẹgbẹ́ DMI pẹ̀lú, ìyẹn àwọn tí kì í jẹ́ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì lè pèsè ọ̀rá tí awọ hóró rẹ̀ nílò. Òfin ìjọba lórí lílo oògùn pẹ̀lú ń le sí i. Ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà fi òfin de lílo ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn apakòkòrò fún ẹwà lásán láti ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 2009. Wọ́n yọ pápá gọ́ọ̀fù sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí àwọn alámòójútó rẹ̀ fi hàn pé àwọn ń wá ọ̀nà láti dín oògùn kù. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ní tirẹ̀ kọ̀ láti tún ìwé àṣẹ chlorothalonil ṣe ní ọdún 2019, bẹ́ẹ̀ sì ni oògùn yìí ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùtọ́jú koríko. Ohun tí ó sọ òróró di ohun tí wọ́n ń wá kiri nìyẹn.

Òróró wo ni à ń sọ? Kì í ṣe òróró ìdáná, kì í sì í ṣe epo ọkọ̀ tàbí dísù, tí ó jẹ́ pé pípa ni wọn yóò pa koríko. Inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti yọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ti sẹ́ ẹ títí tí kò fi ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Isoparaffin ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyẹn ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn tí ó yọ ẹ̀ka. Sísẹ́ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣehàn, nítorí àwọn èròjà mìíràn tí ó máa ń wà nínú epo rọ̀bì ni ó ń jó ewé. Nínú àwọn òróró tí wọ́n ń ṣe fún irúgbìn lóde òní, apá tí ó mọ́, tí kò lè pa ewé lára, kò gbọdọ̀ dín ní 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù fún koríko pápá ni Civitas, tí ilé-iṣẹ́ Petro-Canada ṣe jáde. Nítorí pé òróró kì í bá omi dàpọ̀, wọ́n máa ń fi èròjà kan sí i tí yóò sọ òun àti omi di àdàlù funfun bí wàrà. Inú ẹ̀rọ ìfínoògùn ni wọn yóò máa rò ó láìdáwọ́dúró, nítorí pé bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, òróró yóò léfòó, ibi kan lórí pápá yóò gba àgbàjù, ibòmíràn yóò sì gba omi lásán.

Ní ti bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ rí i pé òróró nìkan lè dí fọ́ńgọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ní àwọn ọdún 1950, ní erékùṣù Guadeloupe, àwọn onímọ̀ ń po oògùn mọ́ òróró láti fi gbógun ti àrùn ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Sigatoka, wọ́n sì ṣàkíyèsí pé òróró tí kò ní oògùn kankan nínú náà ń dín àrùn náà kù. Ohun tí ó jọni lójú níbẹ̀ ni pé ó ń fa fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ó ti wọnú ewé sẹ́yìn, ibi tí òróró tí ó wà lójú ewé kò lè ti bò ó mọ́lẹ̀. Ìmọ̀ pé òróró ń ṣe nǹkan sí irúgbìn fúnra rẹ̀ ti wà nígbà náà, ṣùgbọ́n ohun náà gan-an kò hàn kedere.

Lórí koríko pápá, Yunifásítì Guelph ní Ontario ni wọ́n ti tú ọ̀rọ̀ yìí síwájú sí i. Tom Hsiang àti Paul Goodwin pẹ̀lú akẹgbẹ́ wọn gbé iṣẹ́ kan jáde ní ọdún 2010 lórí bentgrass àti àrùn ewé mẹ́ta, tí dollar spot wà lára wọn. Ilẹ̀ ìdí koríko ni wọ́n fi àdàlù isoparaffin sí, síbẹ̀ àrùn dín kù lára ewé tí ó wà lókè. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tí ó wà lórí ewé kò fojú kan òróró, nítorí náà a kò lè sọ pé òróró ni ó pa á. Koríko ni ó gbọ́ ìkìlọ̀ láti ìdí rẹ̀, tí ó sì gbé e lọ dé ewé. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fún irú èyí ni induced systemic resistance, ìyẹn ni pé nǹkan kan ta ìdáàbòbò irúgbìn jí, tí agbára náà sì dé gbogbo ara rẹ̀.

Irúgbìn kò ní ẹ̀jẹ̀, kò sì ní àwọn jagunjagun tí ń rìn kiri ara bí ti ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ní ìdáàbòbò tirẹ̀. Ó lè mú kí ògiri àwọn hóró ara rẹ̀ nípọn sí i, ó lè pèsè àwọn èròjà tí yóò jẹ ara fọ́ńgọ́ọ̀sì, ó sì ní àwọn èròjà ìránṣẹ́, bí i jasmonic acid, tí ń gbé ìròyìn ewu láti ibì kan dé ibòmíràn. Òróró kì í mú kí koríko ṣe gbogbo èyí lẹ́ẹ̀kan náà ní àṣedànù, nítorí pé ìjà ń ná irúgbìn ní oúnjẹ. Ńṣe ni ó ń mú un wà ní ìmúrasílẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ó jẹ́ pé ọjọ́ tí fọ́ńgọ́ọ̀sì bá dé, ìdáhùn koríko yóò yá, yóò sì lágbára ju ti èyí tí a kò fín lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó jọ jù lọ nínú ohun tí a mọ̀, àyàfi pé kò kọ́ koríko láti dá àrùn kan pàtó mọ̀. Ìdí nìyẹn tí òróró kan náà fi lè ran koríko lọ́wọ́ lójú oríṣiríṣi àrùn. Òun náà ni ó fi ṣòro fún fọ́ńgọ́ọ̀sì láti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ti bọ́ lọ́wọ́ benomyl, nítorí kò sí ibì kan ṣoṣo lára rẹ̀ tí òróró ń lù. Àjọ FRAC, tí ń pín àwọn oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì sí ẹgbẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ àìràn oògùn, fi òróró sí abẹ́ àmì NC, ìyẹn àwọn tí wọn kò pín sí ẹgbẹ́ kankan.

Ohun tí mo fẹ́ kí olùtọ́jú pápá dì mú ṣinṣin ni pé òróró kì í wo àrùn tí ó ti gbilẹ̀ sàn. Koríko tí ewé rẹ̀ ti kú kò ní ìdáàbòbò tí a fẹ́ ta jí mọ́, àmì tí ó ti jáde kò sì lè parẹ́ àfi bí ewé tuntun bá hù bò ó. A gbọ́dọ̀ fín in kí àrùn tó yọjú, kí a sì tún un fín ní ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta, bí àkọlé inú ìgò bá ṣe sọ. Láti mọ ìgbà tí ó yẹ kí a bẹ̀rẹ̀, ìṣirò kan wà fún dollar spot tí wọ́n ń pè ní Smith-Kerns, tí ó jáde ní ọdún 2018. Ìwọ̀n ooru àti ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ọjọ́ márùn-ún ni ó ń lò láti sọ bí ó ti ṣeé ṣe tó pé àrùn yóò dé, ọ̀pọ̀ sì máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fín oògùn nígbà tí ó bá fi 20 nínú ọgọ́rùn-ún hàn. Èrò tèmi ni pé ẹni tí ó ń lo òróró kò yẹ kí ó dúró títí di ìgbà tí ìṣirò náà bá ga, nítorí koríko nílò àkókò láti múra.

Wọ́n máa ń po àwọ̀ ewé mọ́ Civitas. Àwọ̀ phthalocyanine ni, ó sì wúlò ju fífi ẹwà bo àléébù lọ, nítorí pé àdàlù òróró àti àwọ̀ ti dènà àrùn ju òróró nìkan lọ nínú àwọn àyẹ̀wò.

Òróró lè pa koríko lára o. Bí ó bá dí àwọn ihò tí ewé fi ń mí, tí oòrùn sì ń mú gidigidi tàbí tí òùngbẹ ti ń gbẹ koríko tẹ́lẹ̀, ewé yóò pọ́n, yóò sì tín-ín-rín. Nítorí náà a kì í fín in nígbà tí ooru bá ti kọjá nǹkan bí 32 lórí òṣùwọ̀n Celsius, a kì í sì í fín in sórí koríko tí ó ti rọ. Àkọlé ọ̀pọ̀lọpọ̀ òróró irúgbìn tún kìlọ̀ pé kí a má lò ó súnmọ́ sọ́fúrì tàbí oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní captan, nítorí pé àpapọ̀ wọn lè jó ewé. Ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon, níbi tí àwọn olùwádìí ti ń wá ohun tí yóò rọ́pò oògùn fún àrùn Microdochium ìgbà òtútù lórí koríko Poa annua, òróró dín àrùn náà kù dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n tún rí i pé fífín in léraléra máa ń mú kí koríko fọ́nká, pàápàá níbi tí ẹsẹ̀ ènìyàn ti ń tẹ̀ ẹ́. Òun ni ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ olùtọ́jú pápá kì í fi òróró nìkan gbé gbogbo ọdún. Wọ́n máa ń fi í dín ìwọ̀n oògùn kù, tàbí kí wọ́n máa lò wọ́n ní àlùyípo, wọ́n sì ń fún koríko ní náítírójìn tó, wọ́n sì ń fi okùn gbọn ìrì dànù ní òwúrọ̀.

Fún àwọn tí ń tọ́jú pápá ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Kútọnu, koríko ilẹ̀ ooru bí i bahama ni ó pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa, orí bentgrass àti Poa annua ilẹ̀ òtútù sì ni ọ̀pọ̀ jù nínú àyẹ̀wò tí mo sọ ti wáyé. Ooru wa náà súnmọ́ ibi tí òróró ti ń jó ewé. Òróró dóńgóyárò wà lọ́wọ́ wa, wọ́n sì ń tà á ní ilẹ̀ òkèèrè fún àrùn funfun bí ìyẹ̀fun tí ń bo ewé irúgbìn, àmọ́ èyí kò sọ pé yóò ṣe bákan náà lórí pápá. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán òróró kankan wò, kí ó wọn igun kékeré kan sọ́tọ̀, kí ó fín in ní ìrọ̀lẹ́ lórí koríko tí omi kò wọ́n, kí ó sì fi apá kan sílẹ̀ láìfín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó gbé e dé ìyókù pápá.