Ṣé etí ló gbọ́ ọ, àbí ẹnu ló kàn yá?

Nínú èdè Japan, r àti l kì í ṣe ìró méjì. Ẹyọ kan ló wà níbẹ̀, inú rẹ̀ sì ni etí ọmọ Japan tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì máa ń kó méjèèjì sí, tí right àti light á fi dún bákan náà. Àwa náà ní tiwa: Yorùbá ò ní z, ìdí nìyẹn tí price àti prize fi máa ń jọra létí ọ̀pọ̀ nínú wa. Olùwádìí tó bá fẹ́ mọ bí etí irú akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe mú tó lè rò pé kóun ṣáà ka iye tó gbà. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń tanni.

Ká ní wọ́n fi ọ̀rọ̀ 200 sí akẹ́kọ̀ọ́ méjì létí, right 100, light 100, tí ìbéèrè kan náà ń tẹ̀ lé ìkọ̀ọ̀kan: "Ṣé right nìyẹn?" Ẹni àkọ́kọ́ dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí right 98, ó sì dáhùn bẹ́ẹ̀ sí light 48. Ti èkejì jẹ́ 75 àti 25. Ẹ ṣírò ó: 150 ni kálukú wọn gbà. Ṣé etí wọn wá dọ́gba ni? Rárá o. Ẹnu ẹni àkọ́kọ́ ló yá sí "bẹ́ẹ̀ ni", ìyẹn ló gba máàkì lọ́wọ́ rẹ̀.

Òdiwọ̀n tó ń ya etí kúrò lára ẹnu ni wọ́n ń pè ní d-prime. Ìdí iṣẹ́ rédà ló ti wá, níbi tí ẹni tó ń wo ojú ẹ̀rọ ti ní láti pinnu bóyá ọkọ̀ òfuurufú lòun rí tàbí ariwo lásán. Ní 1954, Tanner àti Swets ní Yunifásítì Michigan fi ọgbọ́n yìí wádìí bí ojú èèyàn ṣe ń ríran. Nínú àpẹẹrẹ wa, wọ́n á gbé ìdá méjèèjì, ìyẹn ìdá "bẹ́ẹ̀ ni" sí right àti ìdá "bẹ́ẹ̀ ni" sí light, lé ìlà tó rí bí agogo, wọ́n á wo ibi tí ìkọ̀ọ̀kan bọ́ sí, wọ́n á sì wọn àlàfo tó wà láàárín wọn. Ti ẹni àkọ́kọ́ á jẹ́ 2.10, ti èkejì 1.35 péré. Ẹni tó gba 100 nínú 100 kì í ríbi bọ́ sí, torí ìlà náà ò lópin. Wọ́n á wá fi ààbọ̀ kún iye ìdáhùn "bẹ́ẹ̀ ni", wọ́n á fi ení kún àpapọ̀. Ó jọ màgòmágó, àmọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń ṣe é fún.

Nígbà míì, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣe ìró náà, tí á máa yí díẹ̀díẹ̀ láti l dé r. Ohun tó ń yí jù ni ìpele kan nínú ìgbì ohùn tí wọ́n ń pè ní F3, tó máa ń lọ sílẹ̀ gan-an nínú r ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọgbọ́n ìṣirò kan, logistic regression, ni wọ́n fi ń fa ìlà gba àárín àwọn ìdáhùn: ti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì á dìde lójijì bí ògiri, ti akẹ́kọ̀ọ́ á rọra máa gòkè. Ní 1975, Miyawaki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi irú ìró bẹ́ẹ̀ dán ará Japan àti ará Amẹ́ríkà wò. Àwọn ará Japan ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi F3 nìkan sí wọn létí, tí kò dún bí ọ̀rọ̀ ẹnu mọ́, ìgbọ́ wọn dọ́gba pẹ̀lú ti ará Amẹ́ríkà! Kò sóhun tó ṣe etí. Èdè wọn ni kò kọ́ wọn láti ka ìyàtọ̀ yẹn sí.

Ó wá ku iye ẹ̀rí. Akẹ́kọ̀ọ́ 20 tó gbọ́ ọ̀rọ̀ 40 á mú ìdáhùn 800 wá, àmọ́ ẹlẹ́rìí 800 kọ́ nìyẹn. Ká ní àlejò tó ń kọ́ Yorùbá ni wọ́n ń dán wò. Ọkọ̀ ń wọ̀ ọ́ létí ní gáréèjì lójoojúmọ́, kò sì gbọ́ ọkọ́ rí. Tó bá gba ti ọkọ̀, ta ló lè búra pé ohùn ìsàlẹ̀ ló gbọ́? Láti 1973 ni Herbert Clark, onímọ̀ nípa bí ọpọlọ ṣe ń lo èdè, ti ń bá àwọn olùwádìí wí pé wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ ṣe gbogbo èdè. Lónìí, ọgbọ́n ìṣirò tí wọ́n ń pè ní mixed-effects model, tí irinṣẹ́ lme4 ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ nínú R, èdè kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, ń ya ipa ẹnì kọ̀ọ̀kan àti ti ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára ipa ìró fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ò lè tó o ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ń wádìí ohùn Yorùbá á wá igba àti igbá kún un, ìlú àti ìlù, títí dé àwọn tí àlejò náà ò gbọ́ rí.